Yẹtí Tí Mo Gbé Wọ Bàálù

Télọ̀ ni mí, ẹnu mi sì ni àpótí pínnì mi. Ẹni tó bá ti dúró rí kí télọ̀ wọn ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ mọ ohun tí mò ń sọ. Pínnì mẹ́fà tàbí méje ló máa ń wà láàárín ètè mi, tí màá máa yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń yọ eegun ẹja. Bí wọ́n ṣe wà níbẹ̀ yẹn, mo lè kí ẹni tó ń kọjá, mo lè bá oníbàárà jiyàn, mo tiẹ̀ lè rẹ́rìn-ín, pínnì kan ò ní já bọ́. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Ìwáyà ló fi kọ́ mi. Ó ní ohun kékeré tí mi ò bá fẹ́ kó sọnù, ẹnu ni kí n kó o sí. Ó ní ọwọ́ a máa gbàgbé ohun tó mú dání, ṣùgbọ́n ẹnu kì í gbàgbé ohun tó lè gún un. Ìmọ̀ràn gidi ni. Òun náà ló sì kó mi sí wàhálà tí mo fẹ́ sọ yìí.

Lọ́dún tí náírà ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ́pò pọ́n-ùn, àbúrò mi obìnrin bí ọmọbìnrin kan ní ilé ìyá wa ní Mushin. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Ojú Ẹlẹ́gbà nígbà náà, mi ò sì tíì láya, torí náà kò sí iṣẹ́ ilé kan tí wọn kì í rán mi. Ọkọ àbúrò mi, tó ń ta pákó ní Òtò, ló wá sọ fún mi. Ó ní ìyá àti ọmọ wà lálàáfíà. Ó mu omi, ó jókòó, ó tún un sọ pé ìyá àti ọmọ wà lálàáfíà, bí ẹni pé òun gan-an ló fẹ́ gbọ́ ọ.

Mo mọ ìdí rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n kọ́kọ́ bí, ọkùnrin ni, kò lò ju ọjọ́ mọ́kànlá lọ. Ilé ni wọ́n ti bí i. Ẹnu rẹ̀ há, ara rẹ̀ le, kò lè fa ọmú mọ́. Ìyá mi pè é ní giri. Nọ́ọ̀sì tí wọ́n gbé e lọ bá sọ fún àbúrò mi pé kòkòrò tí ojú ò rí ni, pé ó gba ojú ìwọ́ ọmọ wọlé láti ara ohun kan tí kò mọ́. Láti ọjọ́ yẹn ni àbúrò mi ti ń se nǹkan. Ó ń se ṣíbí, ó ń se ife, ó ń se aṣọ. Sítóòfù rẹ̀ kì í tutù. A máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí èèyàn bá jókòó pẹ́ nítòsí rẹ̀, ó máa gbé olúwarẹ̀ kaná. Kì í bínú. Á rẹ́rìn-ín díẹ̀, á sì tún bu omi sí ìkòkò.

Yẹtí kan wà nílé wa tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa rẹ̀ kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ. Òrùka wúrà kékeré méjì ni, ìkọ̀ọ̀kan ò tóbi ju ẹ̀wà lọ. Ìyá tó bí ìyá mi ló ní kí alágbẹ̀dẹ wúrà rọ ọ́. Ọjọ́ tí wọ́n sọ ìyá mi lórúkọ ló wọ etí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, bẹ́ẹ̀ ni ti àbúrò mi. Nílé ẹlòmíràn, bí wọ́n bá gún etí ọmọ, òwú ni wọ́n á kọ́kọ́ fi há ojú ihò. Nílé tiwa, wúrà ni, ní ìṣẹ́jú náà gan-an. Ìyá mi ní etí tó bá kọ́kọ́ mọ wúrà kì í kẹ̀. Ọmọ á lò ó títí ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á ra tirẹ̀ fún un, yẹtí ilé á sì máa dúró de ọmọbìnrin tó kàn.

Etí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló wà nígbà yẹn, Kánò ni wọ́n sì ń gbé.

Odindi ọjọ́ méjì ni ìyá mi àti àbúrò mi fi fa ọ̀rọ̀ yìí. Àbúrò mi ní òwú tí wọ́n bá sè ti tó fún ọmọ òun. Ìyá mi ní ṣé ọmọ àlejò ni ọmọ náà ni, tí yóò fi wọ ilé ayé láìrí yẹtí àwọn ìyá rẹ̀. Níkẹyìn, àbúrò mi gbà, ṣùgbọ́n ó ní òun ní ohun tí òun fẹ́. Ó pè mí wọ yàrá, ó fún mi ní ìwé tó ya láti inú ẹ̀sáásáìsì, ó ti kọ ọ́ kún tẹ́lẹ̀.

Ó ní, “Bùọ̀dá, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ lọ gbé e wá. Ojú egbò ni yẹtí yẹn máa gbà wọlé. Bí wọ́n bá ti sè é tán ní Kánò, kí ohunkóhun má ṣe kàn án mọ́ títí á fi dé ọwọ́ mi.”

Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Mo tiẹ̀ bá a wí díẹ̀ pé kí ló dé tó ń bẹ̀rù tó báyìí. Èmi tí mo máa ń gbé ọwọ́ lé orí nígbàkigbà tí bàálù bá ń gba òkè Mushin lọ sí Ìkẹjà, bí ẹni pé ọwọ́ télọ̀ lè gbé e dúró.

Ọjọ́ Sátidé ni mo wọ ọkọ̀ ojú irin ní Ìdó. Gbogbo ibùdó tó wà láàárín Èkó àti Kánò ló dúró sí, ó sì jọ pé ó ní ẹni tó fẹ́ kí ní ìkọ̀ọ̀kan wọn. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Mọ́ńdè ni mo débẹ̀, ọjọ́bọ̀ ni ìsọmọlórúkọ. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gbà mí tọwọ́ tẹsẹ̀, mo sì na ìwé sí i. Kò mọ̀wé, torí náà èmi tí mo ka ìwé mẹ́rin ni mo kà á fún un, tí mò ń já ọ̀rọ̀ mìíràn sí méjì kí n tó lè pè é. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ṣé yẹtí ni wọ́n fẹ́ fọ̀ ni, àbí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún ẹnì kan.

Ṣùgbọ́n ó ṣe é, kò fo ìlà kan. Lọ́jọ́ kejì, ó bọ́ yẹtí létí ọmọ rẹ̀, ó rẹ ẹ́ sínú omi ọṣẹ lílọ́wọ́ọ́wọ́, ó fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tuntun fọ inú kọ́lọ́fín rẹ̀. Ohun tó jáde níbẹ̀ yà mí lẹ́nu: ìpara, òógùn àti erùpẹ̀ Kánò fún odindi ọdún kan, gbogbo rẹ̀ dúdú, nínú ohun tó ń dán lójú báyẹn. Ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ó ṣàn án, ó sì se é títí omi fi hó fún ogún ìṣẹ́jú, òun àti agolo ìpara kékeré kan tí a máa kó o sí. Ṣíbí méjì tí òun náà ti sè ló fi gbé e jáde. Ó tú páálí òwú tí àwọn nọ́ọ̀sì ń lò, tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni ò tíì wọ̀, ó tẹ́ ẹ sínú agolo tó ti gbẹ, ó tẹ́ yẹtí sórí rẹ̀, ó tún fi òwú bò ó, ó dé e. Ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu rẹ̀ nígbà náà. Ó ní, “Ọmọ yẹn ò gbọdọ̀ lọ.” Mo mọ̀ pé kì í ṣe èmi ló ń bá sọ̀rọ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin ń padà. Wọ́n ní ó di ọ̀la, ọjọ́rú. Mo fi ìka kà á, ìka náà ò dé Mushin lọ́jọ́bọ̀. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ra ẹ̀pà, ló wá fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sọ pé òun ti bá mi gba tíkẹ́ẹ̀tì bàálù, pé àárọ̀ ọ̀la ni.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an. Lẹ́yìn náà ni mo lọ bá ẹ̀gbọ́n mi lẹ́yìnkùlé. Mo ní wọ́n sọ pé afẹ́fẹ́ òkè máa ń bá etí jà, pé etí mi ò sì dá tó láti kékeré.

Ó ní, “Ṣé etí tìrẹ la fẹ́ gún ni?”

Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ohun tí mo lè ṣe ni mo ṣe: mo gba abẹ́rẹ́ àti òwú lọ́wọ́ rẹ̀, mo rán àpò kékeré kan sínú dàńṣíkí mi níbi àyà, mo fi bọ́tìnnì méjì sí i, kí agolo má baà yọ bó ti wù kí ayé yí. Iṣẹ́ náà dára. Bí mo bá bẹ̀rù, iṣẹ́ ọwọ́ mi máa ń mọ́ sí i.

Nínú bàálù, ojú fèrèsé ni wọ́n fi mí sí, mo sì kọ ẹ̀yìn sí fèrèsé. Bàbá kan tó jókòó tì mí ti ń hanrun kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn. Mo wò ó títí bí ẹni tó ń wo aládùúgbò tó fẹ́ jó mọ́lé tí kò mọ̀. Bí a ṣe gbéra, mo ké pe Ọlọ́run ní Yorùbá, mo tún pè é ní Lárúbáwá, kí èyí tó bá yá jù lè tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Fún ìgbà díẹ̀, ara bàálù balẹ̀, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé ó ti mọ́ mi lára. Ìgbà yẹn ni a wọ inú ìkúukùu. Ó gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan, ó gbọ̀n lẹ́ẹ̀kejì, ó wá já sísàlẹ̀ bí ẹni tí àtẹ̀gùn yẹ̀ mọ́ lẹ́sẹ̀.

Ohun tó wá sí mi lọ́kàn kò mú ọgbọ́n dání. Mo rò ó pé bí nǹkan yìí bá já, agolo á gba ọ̀nà tirẹ̀, èmi náà á gba tèmi, wọn ò sì ní rí yẹtí ọmọ náà mọ́ láé. Mo fẹ́ kí yẹtí náà wà níbi tí wọ́n á ti rí i. Lẹ́yìn èyí, mi ò rántí ohun tí ọwọ́ mi ṣe. Mo mọ̀ pé ó gbọ̀n lẹ́ẹ̀kẹta, mo sì di ojú.

Nígbà tó yá, ara ọkọ̀ tún balẹ̀. Ọmọbìnrin tó ń gbé ohun mímu káàkiri dé ọ̀dọ̀ mi. Ó fi gẹ̀ẹ́sì bi mí ohun tí mo fẹ́ mu, mi ò dáhùn. Ó wò mí dáadáa, ó sì yí i sí Yorùbá.

“Ẹ̀gbọ́n, kí ló ń dán lẹ́nu yín yẹn?”

Mo fọwọ́ kan ètè mi. Agolo wà lórí itan mi, ó ṣí gbayawu, òwú rẹ̀ funfun, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Yẹtí méjèèjì wà láàárín ètè mi ní ẹ̀gbẹ́ òsì, wọ́n tò bí pínnì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa ẹ̀gbẹ́ òsì yẹn. Eyín kan wà níbẹ̀ tó ti jẹrà láti bí ọdún méjì. Ó máa ń wú, ó máa ń sun ohun tí mi ò ní dárúkọ rẹ̀, gbogbo ilé sì ti bẹ̀ mí kí n lọ yọ ọ́. Mi ò lọ, torí mo bẹ̀rù ẹni tó ń yọ eyín ju bàálù lọ. Nínú gbogbo ibi tó wà láyé tí mo lè kó yẹtí tí wọ́n fi ogún ìṣẹ́jú sè sí, ibẹ̀ ni mo kó o sí.

Mo tu wọ́n sí àtẹ́lẹwọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ọmọbìnrin náà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, bí ẹni pé òun ni ìyá ọmọ. Kò rẹ́rìn-ín, Ọlọ́run á bá mi san án fún un. Ó ní òun ò ní iná tí òun lè fi se nǹkan fún mi níbẹ̀, ó fún mi ní ìwé ìnuwọ́ mímọ́, ó ní kí n ṣáà rí i pé mo sọ ọ́ nílé. Mo nu wọ́n, mo kó wọn padà sórí òwú, mo dé agolo. Nígbà tí mo wò ó lẹ́yìn náà, kò sí àmì kankan. Ibi tí ìdánwò ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Láti Ìkẹjà dé Mushin, inú takisí, ẹjọ́ ni mò ń bá ara mi rò. Ó ṣe tán, mo ti nù ún. Ó ṣe tán, ìyá mi ní wúrà kì í jẹ́ kí etí kẹ̀. Ta ló máa mọ̀? Bàbá tó ń hanrun? Ilẹ̀ tí mo ti ń tọrọ láti òwúrọ̀ ti wà lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, ọkàn mi ò sì balẹ̀. Ẹni tó ń bẹ̀rù bàálù, bàálù á gbé e sọ̀ tó bá yá. Ẹni tó ń bẹ̀rù ojú àbúrò rẹ̀, kò sí ibi tí wọ́n ti ń sọ̀ ọ́.

Ọ̀sán ni mo wọlé. Ìyá mi na ọwọ́ sí agolo kó tó kí mi, àbúrò mi sì ní kó dúró. Ó gbé ọmọ fún ọkọ rẹ̀, ó fọ ọwọ́ dé ìgúnpá, ó gbà á, ó ṣí i. Ó tẹ̀ síwájú níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Mo ń wo ojú rẹ̀. Láti ìgbà tí ọmọ àkọ́kọ́ ti lọ, ohun kan wà níwájú orí rẹ̀ tí kì í tú, kódà bó bá ń rẹ́rìn-ín. Ó tú lọ́jọ́ náà, níṣojú mi.

Ó ní, “Màmá, ẹ wá wò ó. Ó mọ́ tónítóní.”

Ìyá mi wò ó, ó kì mí, ó ní òun mọ̀ pé ọmọ òun kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń rán níṣẹ́ tí kì í jẹ́. Ká ní wọ́n bú mi ni, ì bá rọ̀ mí lọ́rùn.

Mo ní, “Mo fi sẹ́nu.”

“Kí lẹ fi sẹ́nu?”

“Yẹtí. Nínú bàálù. Ẹ̀rù ló bà mí, ọwọ́ mi ṣe é bó ṣe ń ṣe pínnì.”

Ìyá mi bi mí pé ṣé ewúrẹ́ ni mí ni, tí mo fi ń fi ohun gbogbo sẹ́nu. Ó bá orí mi wí, ó bá iṣẹ́ télọ̀ wí, ó dé orí ọ̀gá mi ní Ìwáyà tó ti kú. Ọkọ àbúrò mi ń wo ọmọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àbúrò mi dé agolo jẹ́ẹ́jẹ́, ó wò mí.

“Ẹ̀gbẹ́ wo?”

“Òsì,” ni mo wí.

Gbogbo wọn ló mọ eyín náà. Ó mí kanlẹ̀, ó sì lọ tan sítóòfù.

Ó kó ohun gbogbo sínú ìkòkò: yẹtí, agolo àti abẹ́rẹ́ tí wọ́n máa fi gún etí. Ó ní kí n bọ́ aago ọwọ́ mi, kí n máa wò ó, kí n sọ nígbà tó bá pé ogún ìṣẹ́jú. Mo dúró síbẹ̀ bí ọmọ iléèwé tí wọ́n fìyà jẹ, omi ń hó, ooru ń bò mí lójú. Nígbà tó ku bí ìṣẹ́jú márùn-ún, ó sọ̀rọ̀ láìgbójú kúrò lára ìkòkò.

Ó ní, “Ká ní ẹ dákẹ́ ni, ǹ bá má mọ̀.”

Mo ní mo mọ̀ bẹ́ẹ̀.

“Ẹni tó gé ìwọ́ ọmọ mi àkọ́kọ́, bóyá abẹ náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bóyá ó ṣà á nílẹ̀, ó rò pé kò tó nǹkan.” Ó fi ṣíbí ti abẹ́rẹ́ sínú omi. “Ẹ ṣeun, Bùọ̀dá.”

Mo tẹjú mọ́ aago, mo sì jẹ́ kó pé ogún ìṣẹ́jú, mo tún fi méjì lé e.

Ìyá mi gún etí ọmọ láàárọ̀ ọjọ́bọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ tán. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ọmọ ò sì sunkún ju ìgbà tí ebi bá ń pa á lọ. Èmi ni mo jáde lọ dúró síta. Láti ọjọ́ kejì, mi ò ṣí ṣọ́ọ̀bù mọ́ láìkọ́kọ́ dé Mushin. Màá fọ ọwọ́, àbúrò mi á yí etí ọmọ sí ojú ìmọ́lẹ̀, a ó jọ wo iwájú rẹ̀, a ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn oníbàárà ń ráhùn. Mo sọ fún wọn pé mò ń tọ́jú wúrà.

Ọjọ́ kọkànlá ọmọ bọ́ sí ọjọ́ Àìkú. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ọjọ́ náà nílé. Àbúrò mi ò gbé ọmọ sílẹ̀ láti àárọ̀. Mo jókòó tì í, mò ń jẹ́ kó bú mi lórí eyín, tí mo sì ń ṣèlérí pé lọ́sẹ̀ yẹn ni màá yọ ọ́. (Mo yọ ọ́ lóòótọ́. Ariwo tí mo pa kò ṣe é kọ sínú ìwé.) Ní gbogbo ìgbà tí ọmọ bá fa ọmú, àwa méjèèjì a dákẹ́ ká lè gbọ́ bó ṣe ń gbé e mì.

Láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, mo dé bí mo ṣe máa ń dé. Ìyá mi ti lọ sí ìsọ̀ rẹ̀. Mo kọ́kọ́ gbé ọwọ́ sórí sítóòfù bí mo ti ń kọjá, torí ibẹ̀ ni mo ti máa ń mọ̀ bóyá àbúrò mi ti jí. Ó tutù. Ìkòkò dojú dé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gbẹ. Mo yọjú wo yàrá. Àbúrò mi sùn gbalaja, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ díẹ̀, ọmọ sùn sí apá rẹ̀, ó yí etí kan sókè sí mi, ihò rẹ̀ gbẹ, òrùka kékeré náà ń dán nínú rẹ̀.

Mi ò wọlé, torí mi ò tíì fọ ọwọ́. Mo gbé àpótí jókòó sẹ́nu ọ̀nà, gbogbo ẹni tó bá fẹ́ wọlé wá kí ìyá ọmọ, mo fi ìka sí ètè fún un. Ó tó ọ̀sán kí n tó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù.